Oṣù keje rèé tí mo ti wà ní Àkúrẹ́, ara mi ò tíì mọ́lé. Ṣé kí n máa padà sí Ìbàdàn ni?

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. N kì í kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà á lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé. Ibi iṣẹ́ ló gbé mi kúrò ní Ìbàdàn wá sí ẹ̀ka wọn ní Alágbàkà níbí. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn Màpó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo sì fi wà láyé kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ Yorùbá kó má gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ wò ó, ọmọ tí ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ló máa ń kí mi láàárọ̀ pé "o jí ire?" Èmi! Mo ti múra iṣẹ́, mo fi báàgì kọ́ apá, mo wọ bàtà gogoro, ọmọ kékeré ń fi "o" kí mi bí ẹni pé a jọ ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyá ẹ̀ dúró níbẹ̀, kò bá a wí. Èmi náà kì í dáhùn.

Oúnjẹ ńkọ́? Iyán. Ọjọ́ Ajé iyán, ọjọ́ Ìṣẹ́gun iyán. Lọ́sẹ̀ tí mo kó dé, ìdájí ọjọ́ kan, mo gbọ́ gbì, gbì, gbì lẹ́yìn fèrèsé mi, mo rò pé wọ́n ń wó ògiri ni. Mo yọjú. Ìyá onílé wa ni, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọwọ́ kan ló fi ń gbé ọmọ odó sókè, ó ń fi èkejì yí iṣu inú odó, ọmọ odó ò sì kàn án níka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí èmi bá fẹ́ jẹ àmàlà gidi, àfi kí n wá a lọ. Iná, ẹ má jẹ́ n dá ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀. Agogo mẹ́jọ alẹ́, àdúgbò ti pa lọ́lọ́. Ní Ìbàdàn, ìgbà yẹn ni onísúyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ná.

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ará ilé yìí fúnra wọn. Bí mo bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á gé. Wọ́n á kí mi o, àmọ́ ìkíni orí ahọ́n ni. Wọ́n wá lọ fi àgádágodo sẹ́nu kànga, gbogbo ilé ló ní kọ́kọ́rọ́ àfi èmi. Omi ni mò ń rà fi wẹ̀! Kí ni mo ṣe fún wọn? Àbí torí pé ará Ìbàdàn ni mí? Mo fẹ́ kọ̀wé síbi iṣẹ́ pé kí wọ́n dá mi padà, bí wọn ò bá sì gbà, mo lè fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ìyá Ìbejì Oǹdó:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ìwọ tún sàn, iṣẹ́ ló gbé ọ dé. Ọkọ ló gbé èmi láti Abẹ́òkúta wá sí ìlú Oǹdó lọ́dún 2009. Làfún ni mo kọ́kọ́ rò fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé sítáàṣì lo fẹ́ fi sáṣọ ni?" Mo sunkún ní kíṣìnì lọ́jọ́ yẹn títí ojú mi fi wú. Ó tó ọdún kan kí ọwọ́ mi tó mọ odó. Iyán àkọ́kọ́ tí mo gún, kókó pọ̀ nínú ẹ̀ débi pé ọkọ mi ń tu ú sọ́wọ́ bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun. Lónìí, bí mi ò bá rí iyán jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Àwọn ìbejì mi gan-an, bí mo bá sọ Ẹ̀gbá sí wọn, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ẹ jẹ́ n lọ wo ìkòkò mi lórí iná, mò ń bọ̀.

Akin Onítasí:
Àdúgbò wo lẹ wà? Ilé irú wo ni? Ṣé ẹ lọ́kọ? Ẹ ò sọ nǹkan tá a lè dì mú. Àmàlà wà lápá South Gate FUTA, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò jẹ́ kó wọ́n. Ata àti tòmátì, Ṣáṣá ni kẹ́ ẹ ti lọ rà á, ẹ má rà á létí títì. Bó bá jẹ́ Ọjà Ọba lẹ ń lọ, ẹ má wa ọkọ̀ ara yín o, ọ̀nà Ọba Adésídà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè dé.

Ọmọ Ìdànrè:
Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ "o" yẹn, mi ò lè kọjá. Ta ló sọ fún yín pé ọmọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́? Bó ṣe ń kí bàbá tó bí i nìyẹn! Ó kí yín, ẹ ò dáhùn, ẹ wá sọ pé ọmọ ni ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Alàgbà Mókọ́lá:
Ọmọ tó bá fi "o" kí àgbà, ìgbájú ló tọ́ sí i. Yorùbá ni Yorùbá ń jẹ́.

Ọmọ Ìdànrè:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe iṣu ní "isu" lẹ fẹ́ kọ́ wa ní Yorùbá?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ rọra. Iṣẹ́ èdè ni mo fi tọ́ ọmọ. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó, Àkúrẹ́, ẹ̀ka èdè wọn ò fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo láti ìpilẹ̀. "Ẹ" tiwọn, èèyàn púpọ̀ ni wọ́n fi ń pè. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ni "ẹ" ọ̀wọ̀ ti wọ Yorùbá tí wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ẹni tó máa sọ "o" fún àgbà ní Àkúrẹ́, ó ti lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ẹ ṣí Bíbélì yín, ẹ wò ó bóyá "ẹ" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run níbẹ̀. "Ìwọ" ni.

Alàgbà Mókọ́lá:
Ti Ọlọ́run yàtọ̀. Ẹ má gbàgbé pé Ìbàdàn ni olú-ìlú gbogbo yín tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè:
Ìyẹn parí lọ́dún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Àkúrẹ́ ni olú-ìlú wa, ẹ lọ simi.

Adó Ni Mo Wà:
Àwa Èkìtì náà wà níbẹ̀ títí di 1996 o, ẹ má fò wá.

Ọmọ Ìdànrè:
Ta ló pe Èkìtì?

Alábòójútó:
Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ arábìnrin yìí. Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀, mo máa ti í lẹ́nu pa.

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Ẹ ṣé o. Ìjọ̀kà ni mò ń gbé, yàrá kan àti kíṣìnì, owó ọdún kan ni mo san. Ọ̀rọ̀ ọkọ ò sí níbẹ̀. Bàbá Tíṣà, mo gbọ́, àmọ́ wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé wa.

Màmá Sọ́jà:
Ọmọ mi, bárékè mẹ́fà ni mo tẹ̀ lé ọkọ mi gbé, mo gbé Kàdúná, mo gbé Ẹnúgu. Ìlú kì í wá bá èèyàn nínú yàrá. Bí ilé bá ń ṣèpàdé, jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá ń tún àyíká ṣe ní Sátidé, mú ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, lọ bá wọn jẹ ìrẹsì. Wá ẹgbẹ́ obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó o dara pọ̀ mọ́ wọn.

Akin Onítasí:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Màmá. Sátidé lẹ fi máa mọ èèyàn. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé mú yín lọ gun òkè Ìdànrè lọ́jọ́ kan, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, bẹ́ ẹ bá fi máa dókè, ẹ ti di ọ̀rẹ́ tipátipá.

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
N kì í sí nílé ní Sátidé.

Màmá Sọ́jà:
Ibo lo máa ń wà?

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Ìbàdàn ni. Ọjọ́ Ẹtì tí mo bá ti ṣíwọ́, Iléṣà Garage ni mò ń gbà lọ tààrà. Ìdájí Mọ́ńdè ni mo máa ń padà.

Akin Onítasí:
Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀? Fún oṣù méje? Àǹtí, mo mọ ọ̀nà yẹn. Ẹ máa kọjá Ìgbàrà-Òkè, Òwénà, Ìpetu, Iléṣà, Ifẹ̀, kẹ́ ẹ tó fojú kan Ìbàdàn. Iye tẹ́ ẹ ti ná sọ́kọ̀ tó owó ilé mìíràn. Ẹ ò tíì gbé Àkúrẹ́ o, ẹ kàn ń wá sùn síbẹ̀ ni.

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Mọ́mì mi nìkan ló wà nílé. Fíríìjì mi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì mi wà níbẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì lásán ni mo tẹ́ síbí. Àpò Ghana-Must-Go mẹ́ta ni mo kó wá, mi ò tíì tú méjì nínú ẹ̀. Bí mo bá tú u, á dà bíi pé mo ti gbà.

Ìyá Ìbejì Oǹdó:
Mo padà dé. Ọ̀rọ̀ kan ò yé mi. Ìyá onílé tó ń gún iyán yẹn, ṣé kò bù ú fún ọ rí ni? Wọn kì í gún iyán létí àlejò nílẹ̀ yìí kí wọ́n má bù fún un.

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Wọ́n gbé e wá. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kó dé ni. Mo ti dá abọ́ wọn padà tipẹ́.

Ìyá Ìbejì Oǹdó:
O fọ̀ ọ́, o lọ dúpẹ́?

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Mi ò jẹ ẹ́. Mọ́mì mi ti kìlọ̀ kí n tó kúrò nílé pé n ò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀. Mi ò sì lè kọ̀ ọ́ lójú wọn, mo gbà á, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tó di nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo rọra gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn bó ṣe wà, ọmọrí lórí ẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó náà lórí ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ojú tì wọ́n ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìdànrè:
Yéè!

Akin Onítasí:
Kànga! Ẹ ti rí i báyìí?

Alàgbà Mókọ́lá:
Àní èmi tí mo ń gbèjà ẹ láti àárọ̀. Abọ́, aṣọ funfun, ẹnu ọ̀nà, ìdájí, ẹni tó gbé e wá ò sọ̀rọ̀. Arábìnrin, kí lo rò pé ìyá yẹn rí nígbà tó ṣílẹ̀kùn?

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Ẹbọ kẹ̀? Oúnjẹ wọn ni! Mo ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀gúsí ni, wọ́n fi ebòlò sí i.

Ìyá Ìbejì Oǹdó:
O dá ebòlò padà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Wọ́n mọ abọ́ wọn, ọmọ mi. Ohun tó o fi kún un mọ́jú ni wọn ò mọ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá jẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ ju dọ́rọ̀ sínú kànga rẹ?

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Ṣé ìdí tí àwọn ọmọ ilé fi ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ nìyẹn? Mo rò pé wọ́n ń gbéra ga ni. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án yẹn nìkan ni kò sá fún mi.

Ọmọ Ìdànrè:
Èyí tó ń sọ "o" fún yín.

Màmá Sọ́jà:
Má kọ̀wé kankan síbi iṣẹ́. Lọ bá ìyá yẹn. Mú àgbà kan láti ibi iṣẹ́ rẹ dání, ẹni tó gbọ́ Àkúrẹ́ dáadáa. Sọ ọ́ bó ṣe rí, má fi ọ̀rọ̀ Mọ́mì ẹ kún un.

Akin Onítasí:
Kó mú iṣu márùn-ún dání, iṣu ńlá.

Ìyá Ìbejì Oǹdó:
Iṣu kẹ̀, fún ẹni tó lóko? Obì àti orógbó ni.

Alàgbà Mókọ́lá:
Ohun yòówù kó jẹ́, má gbé oúnjẹ sísè lọ o, mo bẹ̀ ọ́.

Màmá Sọ́jà:
Sátidé yìí ni kó o lọ, nígbà tí gbogbo ilé bá pé.

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Sátidé yìí ni ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, mo ti rán aṣọ ẹbí.

Akin Onítasí:
Haa.

Màmá Sọ́jà:
Mi ò sọ nǹkan mọ́.

Arẹ̀wà Olúyọ̀lé:
Ẹ má bínú sí mi. Odó ti ń dún lẹ́yìn fèrèsé mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá nìkan ló wà níta. Bí mi ò bá lọ báyìí, mi ò ní lè lọ mọ́, mo mọ ara mi. Ọmọ Ìdànrè, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ "ẹ má bínú" ní Àkúrẹ́?

Ọmọ Ìdànrè:
"Má bínú." Kò sí "ẹ" níbẹ̀.

Alàgbà Mókọ́lá:
Fún ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún? Lo "ẹ" tìrẹ jàre.