Aṣọ́gbó ni àbí amọ̀nà? Lórí ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ tí réńjà ń mú wọ Old Oyo àti Lekki

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Bàbá wa dábàá pé kí ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ aláakọ́bẹ̀rẹ̀ tí réńjà, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ń mú wọ Old Oyo National Park àti Lekki Conservation Centre wà ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni wọ́n gbé kalẹ̀: ọgbà ẹranko fún ibẹ̀ gan-an, ẹ̀ṣọ́ ọgbà fún réńjà, ìrìn-àjò afẹ́ fún ẹ̀skọ́ṣọ̀n, eré ọdẹ fún scavenger hunt (eré tí ọmọ fi ń wá ohun tí a kọ sórí ìwé), ibùgbé fún habitat. Ẹ ṣeun, Bàbá. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ni mo lè gbà láìjiyàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn ọ̀rọ̀: ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá gbọ́ ọ, kí ni yóò ṣe nínú igbó?

Ọmọ tó bá gbọ́ ọgbà ẹranko ti ń ro ti Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ẹranko wà nínú àhámọ́, tí a sanwó, tí a sì rí i. Old Oyo fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ẹnikẹ́ni ò sì sé ẹranko mọ́ ibẹ̀. Ẹfọ̀n, ìgalà, ìmàdò àti ìjímèrè ń lọ síbi tó wù wọ́n. Ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí ọgbà ẹranko fún yóò máa pariwo “kìnnìún dà?” láti orí bọ́ọ̀sì, ariwo yẹn ni yóò sì lé ìwọ̀nba tí ì bá rí sá. Bí wọ́n bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ ẹranko la ń lọ kà, ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ, ìgbẹ́ ìgalà àti èèpo igi tí nǹkan ti họ, gbogbo rẹ̀ ló di èrè. Ti Lekki yàtọ̀ díẹ̀. Hẹ́kítà 78 péré ni, géètì wà níwájú rẹ̀, nítorí náà ọgbà kì í ṣe irọ́ níbẹ̀. “Ẹranko” tí ẹ fi tẹ̀ lé e ni kí ẹ yọ kúrò.

Ìrìn-àjò afẹ́, àwọn òbí ló ń ṣì lọ́nà. Bí ìwé bá dé ilé pé ọmọ ń lọ gbafẹ́, aṣọ àríyá ni ìyá rẹ̀ yóò wọ̀ fún un, pẹ̀lú sálúbàtà funfun àti báàgì tó kún fún bísíkíìtì. Àwọn ọ̀bọ Lekki ti mọ ìró náílọ́ọ̀nù dáadáa. Wọ́n á já a gbà, wọ́n sì lè bu ọmọ tó bá fà á padà jẹ. Ní Old Oyo, eégbọn àti ìjàlọ ni yóò kí ẹsẹ̀ tó wà níta. Mo dábàá ìrìn ẹ̀kọ́, kí ìwé òbí sì là á mọ́lẹ̀: bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, aṣọ alápá gígùn tí kò pupa tí kò sì funfun, omi lítà kan, oúnjẹ nínú ike oníderí tí yóò dúró sínú bọ́ọ̀sì, oògùn ọmọ tó ní ikọ́ fée lọ́wọ́ olùkọ́.

Eré ọdẹ ló ká mi lára jù. Ibi tí òfin ti ka ọdẹ léèwọ̀ la ti fẹ́ sọ fún ọmọ Òkè-Ògùn pé ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣọdẹ! Ọdẹ Yorùbá kì í rí nǹkan kó padà lọ́wọ́ òfo. Ó ń gbé e wálé ni. Ohun tí ọmọ yóò sì ṣe nìyẹn: já ewé, ki ìyẹ́ bọ àpò, sọ òkúta sí aláǹgbá. Ogójì ọmọ tó já ewé márùn-ún márùn-ún, igba ewé ló bọ́ lójú ọ̀nà kan láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Eré àwárí ni kí a pè é. Kò sí ọmọ tí kò gbọ́ “àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀” rí. Kí àṣẹ abẹ́ rẹ̀ jẹ́: fojú mú un, má fọwọ́ mú un. Ọmọ méjì méjì ni kí wọ́n pín sí, ìwé kan àti pẹ́ńsù kan fún méjì. Ẹ má fún wọn ní báírò. Kì í kọ lórí ìwé tí ìrì ti mú. Nǹkan mẹ́jọ ti tó lórí ìwé: ewé tí kòkòrò ti jẹ, èso mẹ́ta tí kò jọra, ìyẹ́, ohun tó ń rùn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá tó ogún, wọn yóò máa sáré ni, wọn kò ní wò ó. Ẹ so aṣọ mọ́ igi mẹ́rin láti fi pààlà, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí fèrè sì pè wọ́n padà. Lẹ́yìn náà ni méjì yóò mú méjì mìíràn lọ wo ohun tí wọ́n rí níbi tó wà. Ẹ má ṣe kọ “wo abẹ́ òkúta” sínú rẹ̀ láé. Àkeekèé àti ejò ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé yọ àmì ohùn. Ẹtu ń sáré, ẹtù ń fò, ẹ̀tù sì ni ọlọ́dẹ ń rọ sínú ìbọn. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò lámì, ìyẹ́ ẹtù ni yóò rí tí yóò fi sàmì pé òun ti rí ẹtu.

Ibùgbé dára, bí réńjà bá pín in sí oúnjẹ, omi, ààbò àti àyè. Àwọn ọmọ lè fi ṣeré: mẹ́wàá jẹ́ ìgalà, ogún jẹ́ oúnjẹ, omi tàbí ààbò, ìlà méjì kẹ̀yìn síra. Kálukú yan ọ̀kan, ó fọwọ́ ṣàmì rẹ̀ (ikùn fún oúnjẹ, ẹnu fún omi, orí fún ààbò), wọ́n yípadà. Ìgalà tó bá rí irú ohun tó ń wá mú un wálé, ìyẹn náà di ìgalà. Èyí tí kò rí kú, ó di ọ̀kan nínú oúnjẹ, omi tàbí ààbò. Ìgbà mẹ́wàá ni kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá dá a dúró ní ìkẹta ti kọ́ wọn pé ẹranko ń pọ̀ sí i ṣáá ni.

Ó wá ku réńjà. Ẹ̀ṣọ́ jẹ́ orúkọ ńlá ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, jagunjagun ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi “ọgbà” tì í, mégàádì ló kù. Aṣọ́gbó pé nínú ìwé atúmọ̀. Àmọ́ fún ọmọ abúlé etí igbó, aṣọ́gbó ni ẹni tó gba pańpẹ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdẹ yìí ló mọ ìgbẹ́ ìgalà yàtọ̀ sí ti ẹtu ju gbogbo kíláàsì lọ, kò sì ní la ẹnu, kó má baà tú àṣírí ilé. Amọ̀nà ni mo fara mọ́: ẹni tó wà níwájú, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá, ọmọ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ kan ní ìdí.

Èsì Bàbá

Ọmọ mi, o káre. Mo gba eré àwárí tọwọ́ tẹsẹ̀, mo sì ti yọ ọgbà ẹranko. Ṣùgbọ́n o yọ ọ́, o ò fi nǹkan kan dípò. Àwọn kan ti ń sọ pé igbó ọba. Rárá o. Igbó ọba ni igbó Omo àti igbó Ṣáṣà, tí ìjọba ìpínlẹ̀ lè fún agégi níwèé àṣẹ. Old Oyo wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ìgbà òfin 1991. A kì í gé, a kì í pa. Bàbá ọmọ tó bá ka “igbó ọba” yóò bi ọ́ pé níbo ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ. Ọ̀dàn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, pàápàá lápá Ọ̀yọ́-Ilé. Mo dábàá ilẹ̀ àìdẹ.

Ti amọ̀nà, mi ò gbà. Kákí kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ọmọ tó tẹ̀ lé amọ̀nà láàárọ̀, tó wá rí i lálẹ́ tó ń mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò ní ó tan òun jẹ ni. Kí ó jẹ́ aṣọ́gbó, kí ó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń ṣọ́, ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ fún, àti ohun tí àwọn ará abúlé lè ṣe láìrú òfin. Mímọ ọ̀nà sì kọ́ ni iṣẹ́ yẹn. Kíka ojú ẹsẹ̀ ẹranko ni iṣẹ́ náà.

Ìdáhùn

Ẹ ṣé, Bàbá. Ilẹ̀ àìdẹ wù mí, àfi pé láìsí àmì, àgbẹ̀ yóò kà á sí ilẹ̀ àìdẹ̀, yóò ní ibẹ̀ kò gba ọkọ́. “Ilẹ̀ tí a kì í dẹ” gùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ṣì í kà. Òun ni kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn dára, ọmọ tó ti ń bẹ̀rù kò kàn ní gbọ́ ọ ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ orúkọ iṣẹ́, kí èkejì jẹ́ ti ọjọ́ náà. Lábẹ́ orúkọ ilé ìwé, kí a tẹ̀ ẹ́ báyìí, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i lẹ́yìn tí réńjà bá ti sọ ọ́: “Amọ̀nà wa lónìí ni aṣọ́gbó ________. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ________.”