Ó ti lajú, àmọ́ kò tíì dé

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa pé tí ọpọlọ èèyàn bá fara pa gan-an, ká máa pe ẹni tó lajú tí ò mọ nǹkan kan ní “ẹni ipò ewéko” lédè Yorùbá, kí oògùn tí wọ́n ń dán wò fún un sì máa jẹ́ “oògùn ìwòsàn ọpọlọ”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ewéko kọ́ o. Lọ́dún 2010, àwọn dókítà Yúróòpù fúnra wọn ló dábàá pé kí wọ́n pa orúkọ yẹn (“vegetative state” lédè Gẹ̀ẹ́sì) tì torí ó ń tàbùkù èèyàn, kí wọ́n máa ní ó jí àmọ́ kò dáhùn. Ohun tí wọ́n ń sá fún níbẹ̀ la wá fẹ́ gbé wọlé?

Ọmọ àǹtí mi já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Ọláìyá níbí, ní Òṣogbo, kò dé hẹ́mẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ kẹta ó lajú. Láràárọ̀ ni màmá ẹ̀ máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì tútù nu àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n á máa pè é, Àkànjí, Àkànjí, ojú ẹ̀ á kàn máa wo àjà, kò ní yí i. Tẹ́ni tó wá kí wọn bá bèèrè, wọ́n á ní “ó ti lajú, àmọ́ kò tíì dé.” Ọjọ́ tí wọ́n ní kó di ọwọ́ àwọn mú tó sì di àtàǹpàkò wọn mú ṣinṣin, igbe “ó ti ń dé o!” ló gba wọ́ọ̀dù kan. Ẹ wò ó, ibi tí ìyá yẹn pààlà sí náà làwọn dókítà pààlà sí: ojú lílà ọ̀tọ̀, kéèyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ìlajúláìdáhùn fún ti àkọ́kọ́, ìdédíẹ̀ fún ìkejì.

Ti oògùn wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká mú amantadine, tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún flu. Lọ́dún 2012 ni àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀ jáde, aláìsàn 184 ní Amẹ́ríkà, Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì, àwọn kan gba ojúlówó, àwọn yòókù gba èyí tó jọ ọ́ tí ò sí oògùn nínú ẹ̀ (oògùn òfìfo ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká pè é), ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n lò ó. Àwọn tó gba ojúlówó ń yá ju àwọn tó kù lọ, ìgbà tí wọ́n dá a dúró ó falẹ̀, nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ kẹfà ìhà méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan náà. Ṣé ìwòsàn nìyẹn? Ó mú ìkọ́fẹpadà yá ni, ẹni tó bá gbọ́ “ìwòsàn” á lọ ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ torí ẹ̀. Amúkọ́fẹyá ni témi.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, kí lẹ máa ń sọ nílé fún ẹni tó ti lajú tí ò tíì dé?