Dẹ́kìn mítà 12 sí 9: ṣé àpò sìmẹ́ǹtì 180 ò pọ̀ jù?

Ẹni tó béèrè, London
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń kọ́ ní Akóbọ̀, Ìbàdàn, àbúrò mi ló ń bá mi dúró ti iṣẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn. Mítà 12 sí 9 ni, ó nípọn ní mílímítà 150. Bíìmù yí i ká, méjì míì tún gba àárín kọjá, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan níbùú. Bíríkìlà ní kí n fi owó àpò sìmẹ́ǹtì 180 ránṣẹ́, yanrìn tọ́ọ̀nù 20, gíránáàtì tọ́ọ̀nù 20. Ẹ̀gbọ́n mi ní àpò 110 lòun lò fún ilé tó tó báyìí. Mi ò fẹ́ fẹ̀sùn kan oníṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Oníṣòwò, Ṣángo
180 kẹ̀! Wọ́n mọ̀ pé òkè òkun lẹ wà ni.

Ẹ̀njiníà, Abẹ́òkúta
Ẹ má tíì dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó ná. 12 lọ́nà 9 lọ́nà 0.15 jẹ́ kúbíìkì mítà 16.2. Dẹ́kìn nìkan nìyẹn. Bíìmù tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, àpapọ̀ gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 63. Tó bá fẹ̀ ní mílímítà 230, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní 300 lábẹ́ dẹ́kìn, ó lé díẹ̀ ní kúbíìkì mítà 4. Gbogbo rẹ̀ wá di bíi 20.5.

Ohun èlò gbígbẹ máa ń sún kì tí omi bá ti kàn án, nítorí náà bíi 1.54 ohun gbígbẹ la máa ń kà fún ẹyọ 1 kọnkéré. Tí àdàlù bá jẹ́ 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, gíránáàtì 4, àpò 6.3 ni kúbíìkì mítà kan máa jẹ. Tó bá jẹ́ 1:1½:3, ó di 8. Ẹ fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tó máa dà nù: ti àkọ́kọ́ jẹ́ àpò 137, ti èkejì 172. 110 tí ẹ̀gbọ́n yín sọ bá dẹ́kìn 1:2:4 tí kò ní bíìmù mu. Kí ló wà nínú àwòrán tí ẹ̀njiníà yín yà?

Gíránáàtì gan-an ló ń kọ mí lóminú. Èyí ó wù kí àdàlù jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ máa nílò ju tọ́ọ̀nù 25 lọ, ká tó sọ èyí tó máa ṣòfò. 20 ò lè tó.

Bíríkìlà, Ìbàdàn
Ọ̀rọ̀ gíránáàtì yẹn ni kí ẹ dì mú. Tó bá tán lọ́sàn-án, tí dẹ́kìn ò tíì dé ìdajì, wọ́n á fi yanrìn dípò rẹ̀, kọnkéré á di aláìlágbára; tàbí wọ́n á dúró de típà di ọjọ́ kejì, ojú á wà níbi tí tuntun ti pàdé èyí tó ti le, ibẹ̀ lomi á máa gbà. Mo ti rí ilé tó ń jò láti irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí wọn ò fi dí i.

Kí àbúrò yín dúró ti míksà. Hẹ́ẹ̀dì páànù 2 tó kún dọ́gba la kà sí àpò sìmẹ́ǹtì kan. Fún 1:1½:3, àpò kan gba yanrìn páànù 3, gíránáàtì páànù 6. Omi ò gbọ́dọ̀ ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lọ fún àpò kan. Tí yanrìn bá tutù, kó dín. Àwọn tó ń tẹ́ kọnkéré á máa pariwo pé kí wọ́n bu omi sí i. Kí ó má gbà! Kí ó máa kó àpò òfìfo jọ, kó kà á nírọ̀lẹ́. Kó wo ara àpò náà pẹ̀lú: 42.5, nọ́ńbà tó ń sọ bí sìmẹ́ǹtì ṣe lágbára sí, ni kó wà níbẹ̀. Ní 2014, SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ní 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan.

Awakọ̀ típà, Ṣágámù
Ẹ má gba tọ́ọ̀nù ẹnu gbọ́ o. Ẹ wọn inú típà kó tó dà á sílẹ̀. Tó bá gùn ní mítà 4.5, tó fẹ̀ ní 2.3, tí ẹrù sì ga ní mítà 1, bíi tọ́ọ̀nù gíránáàtì 15 nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n pè é.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò mi ti fi àwòrán náà ránṣẹ́: 1:1½:3 ló wà níbẹ̀. Bíríkìlà mi ò purọ́, Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò tíì sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Nígbà tí mo bi í nípa gíránáàtì, ó ní òun ò ka bíìmù mọ́ ọn. Tọ́ọ̀nù 10 míì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Tí sìmẹ́ǹtì bá ṣẹ́kù ńkọ́?

Ẹ̀njiníà, Abẹ́òkúta
Ẹ tò ó sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri, kí ẹ bò ó dáadáa, kí ẹ sì tètè lò ó. Láti ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n máa bomi rin dẹ́kìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Káfíńtà ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi abẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀njiníà yín á fi ní ó yá.