"Iṣẹ́ fúyẹ́" kọ́ ni òfin ń wí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá. Ẹ ní kí a máa fi "iṣẹ́ fúyẹ́" túmọ̀ light work, irú iṣẹ́ tí Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà (Labour Act) gbà kí ọmọdé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Abala 59 ní a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́ kankan, àfi bó bá jẹ́ ẹbí rẹ̀ ló gbà á, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ light work ti oko, ti ọgbà tàbí ti ilé tí mínísítà fọwọ́ sí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 12 ni òfin náà ń pè ní ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni abala náà wá sọ pé a kò gbọdọ̀ di ẹrù wúwo lé e lórí débi tí kò fi ní í lè dàgbà dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù. Bí Yorùbá bá sì gbọ́ "fúyẹ́", ẹrù ló ń bọ̀ sí i lọ́kàn.

Ẹ wo ọmọbìnrin tó gbé ẹ̀pà kiri nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Àwo orí rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sáré tẹ̀ lé dáńfó nítorí owó ẹ̀pà, ọwọ́ kan di àwo mú, ọwọ́ kejì wà lójú fèrèsé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 dìídì dárúkọ fífi ọmọdé kiri ọjà ní títì, ó ní èèwọ̀ ni.

"Iṣẹ́ apá-ká" ni tèmi. Ẹ fàlà sí i láàárín kí wọ́n má baà kà á sí apá kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi á da ẹ̀gúsí síwájú mi pé kí n máa bó o. Bó bá ti rí i pé èékánná mi ń pọ́n, á gba atẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gúsí ò wúwo o, apá mi ni kò ká a mọ́.

Èyí tó tiẹ̀ ń kọ mí lóminú jù ni "mọ̀lẹ́bí" tí ẹ fi túmọ̀ ẹni tó lè gba ọmọ náà síṣẹ́. Ta ni kì í ṣe mọ̀lẹ́bí lọ́dọ̀ wa? Ẹ bi ìyá onílé léèrè ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá bá a láti ìlú mìíràn, "àbúrò mi ni" ló máa sọ, ọmọ náà á sì máa pè é ní Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní "ẹni tó bá ọmọ náà tan". Ìyẹn, a lè béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe tan.