Ṣé ọ̀rá inú abẹ́rẹ́ kòrónà lè pa màmá mi lára?

Àdùkẹ́ (Kétu): Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi ti pé ọdún 71. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Faransé fẹ́ kí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ òun, ó sì fẹ́ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tí wọ́n ń fún àwọn àgbà lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ màmá ń ru, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti di ọdún méjì tí mò ń fi ṣíbí kékeré wọn òróró sínú ìkòkò ọbẹ̀ wọn, tí wọ́n á máa wò mí lójú. Aládùúgbò kan wá sọ pé ọ̀rá ni wọ́n fi pọ́n oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, pé kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ màmá, gan-an wà níbẹ̀. Màmá ní àwọn ò lọ mọ́. Mi ò lè ní irọ́ ni, nítorí mo ti kà á. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Bàbá Wàhábù (Àjàṣẹ́): Ọmọ mi, má fi agídí mú àgbàlagbà. Jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n máa mu àgbo wọn.

Nọ́ọ̀sì Sábẹ: Bàbá, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ èyí. Òótọ́ ni aládùúgbò sọ, iye rẹ̀ ni kò sọ. Kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù inú abẹ́rẹ́ Pfizer kan kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 0.2 lọ. Ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo ní tó 200. Ẹyin tí màmá bá sè jẹ lẹ́ẹ̀kan fi nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ju abẹ́rẹ́ yẹn lọ.

Ọmọ Ìdẹ̀nà (Kétu): Kí ló dé tí wọn ò gún oògùn náà lásán? Ṣé dandan ni ọ̀rá ni?

Nọ́ọ̀sì Sábẹ: Dandan ni. ARNm, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní mRNA, ni iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ara. Tó bá wọ ara ní ìhòòhò, kíá ni ara á ti gé e wẹ́wẹ́. Bí ẹ̀kọ gbígbóná ni: ta ló ń gbé e lọ́wọ́ láìsí ewé? Ọ̀rá mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ṣe ewé yẹn, èérún rẹ̀ sì kéré débi pé tí a bá to nǹkan bí 1,000 mọ́ra, ìbú fọ́nrán irun kan ni. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì sínú àpò kékeré kan. Inú àpò yẹn a máa kan bí omi ògì. Kíkan yẹn ni olórí nínú àwọn ọ̀rá náà ń dúró dè: á yí padà, á fa awọ àpò náà ya, ARNm á sì bọ́ jáde. Kò dé ibi tí àbùdá wa wà. Láìpẹ́ òun náà á túká.

Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́dún kòrónà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Pieter Cullis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver, ní Kánádà, ti ń bá a bọ̀ tipẹ́. Ní 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí patisiran, oògùn àrùn àjogúnbá kan tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Irú ọ̀rá yìí ló gbé e.

Àdùkẹ́, ẹ fi ti kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá mẹ́rin yẹn ní PEG lára, èròjà kan tó máa ń wà nínú àwọn oògùn mìíràn náà. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ara àwọn kan kì í gbà á. Ẹ bi màmá bóyá oògùn kan ti wú wọn lójú tàbí lẹ́nu rí.

Àdùkẹ́ (Kétu): Mo bi wọ́n lálẹ́ àná. Wọ́n ní nígbà kan tí wọn ò rí ìgbẹ́ yà, wọ́n po ìyẹ̀fun kan mu, ètè wọn wú, èémí wọn sì fún. Wọn ò sọ fún ẹnì kankan nínú wa!

Nọ́ọ̀sì Sábẹ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá páálí rẹ̀. Tó bá jẹ́ macrogol, PEG náà nìyẹn. Kí wọ́n má gba abẹ́rẹ́ náà títí dókítà tó mọ̀ nípa ohun tí ara ń kọ̀ á fi yẹ̀ wọ́n wò.

Bàbá Wàhábù (Àjàṣẹ́): Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò mọ èyí.

Àdùkẹ́ (Kétu): Páálí náà ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn, àpò ìyẹ̀fun mẹ́fà ló kù nínú rẹ̀. Macrogol 4000 ni wọ́n kọ sí i. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun á fi han dókítà kí màmá tó wọkọ̀.