Irú switch wo ló yẹ kí n rà: kọ̀ǹpútà mẹ́rin, kámẹ́rà mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ fi switch kan so kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan àti kámẹ́rà mẹ́ta pọ̀. Tí ẹ bá ka ti router mọ́ ọn, ihò mẹ́sàn-án nìyẹn, nítorí náà oníhò mẹ́jọ ò tó.

Ti kámẹ́rà ló ń dà mí lọ́kàn rú jù. PoE ni wọ́n ń lò: inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ni iná wọn ń gbà wá. Mo mọ̀ pé ihò tó bá ìlànà PoE tí wọ́n ń pè ní 802.3af mu lè gbé wáàtì 15.4 jáde, ti ìlànà 802.3at sì lè gbé 30. Àmọ́ àwọn switch kan wà tí àpapọ̀ iná wọn ò lè ká gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo lẹ ṣe ń ṣírò rẹ̀? Ṣé kí n kàn ro wáàtì tí wọ́n kọ sára kámẹ́rà pọ̀ ni, àbí kí n fi nǹkan lé e nítorí iná tí wọ́n fi ń ríran lóru?

Mo tún fẹ́ fi VLAN, ìyẹn pípín switch kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ya kámẹ́rà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ṣé smart switch lásán, tí ètò téèyàn lè ṣe sí i mọ níwọ̀n, tó, àbí dandan ni managed olówó ńlá, tí ètò rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìyára 1 Gbps tó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ 10. Kó má sì ní fáànù o, ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ló máa wà.