Kí lẹ máa ń ṣe tí ọwọ́ bá dúró lórí ìwé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìwé kíkọ wo ọgbẹ́ ọkàn yín rí, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú ni ọ̀rọ̀ ti kún inú mi, ẹnu ò sì gbà á.

Mo wá kà nípa ìwádìí tí James Pennebaker àti akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó dùn wọ́n jù sílẹ̀, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ 4. Ọkàn àwọn tó kọ ọ́ kọ́kọ́ bàjẹ́ sí i, àmọ́ nígbà tó yá, àìsàn ò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà mọ́.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo kọ ọ́ pé, "Mi ò gbé fóònù nígbà tí màmá mi pè mí." Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí. Mo di bírò mú títí ìṣẹ́jú 15 fi pé. Láti ọjọ́ yẹn, gbólóhùn yẹn nìkan ni mo ń kọ ṣáá, mi ò sì rí oorun sùn dáadáa. Ẹ̀rù ń bà mí pé ńṣe ni mo ń ha egbò.

Ṣé kí n kọ ọ́ bíi lẹ́tà sí wọn ni, àbí kí n sinmi ná? Ṣé ẹ máa ń tún tiyín kà, àbí ẹ máa ń fà á ya? Ó ń ṣe mí bíi kí n tọ́jú tèmi, torí ohùn wọn wà nínú ẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i.